Mo ti tú kábúrétọ̀ Ìjàpá bàbá mi, bọ́ọ̀lù kékeré kan já bọ́, ẹ gbà mí o

Ọmọ_Oníjàpá

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rin ọ̀nà yìí rí. Ìjàpá bàbá mi ni mo ń bá ṣe, Volkswagen Beetle 1972, ẹ́ńjìnnì 1600, kábúrétọ̀ orí ẹ̀ (ohun tó ń po epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ fún ẹ́ńjìnnì) sì ni Solex 34 PICT-3, àní mo ní láti fi búrọ́ọ̀ṣì àti pẹtiróòlù họ ìdọ̀tí ara ẹ̀ kí n tó rí nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mọ́tò yẹn ti dúró lójú kan látìgbà tí bàbá ti ṣaláìsí, mi ò fẹ́ kó jẹrà sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ gbé e fún ẹni tó máa sáré tú u palẹ̀ tó máa wá sọ pé kí n lọ ra òmíì.

Mo gbé bátìrì tuntun sí i, mo fa epo àtijọ́ kúrò nínú táǹkì, mo rọ tuntun, ó jí lẹ́yìn bí ìgbà mẹ́wàá tí mo sítáàtì ẹ̀, inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ẹ ò lè mọ̀. Àmọ́ sílò ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń yí nígbà tí mi ò tẹ àsílẹ́rétọ̀, ò dúró sójú kan, á gòkè á tún já wálẹ̀ bí ẹni tó ń mí hẹlẹ, tí mo bá sì tẹ àsílẹ́rétọ̀ lójijì á kọ́kọ́ dákú díẹ̀, á ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ kú, kó tó wá gbéra. Tó bá wá gbóná tán, bí mo bá ṣe ń gbẹ́sẹ̀ kúrò báyìí ló ń kú. Láàárọ̀ tí mo bá ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, òórùn epo ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi.

Bí mo ṣe tú u lánàá nìyẹn. Sukúrúù márùn-ún ló wà lórí ìdérí ẹ̀. Nínú abọ́ tí epo ń dúró sí, nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ tó pupa rẹ́súrẹ́sú bí oje igi tó ti gan, tí mo bá fi èékánná ha á ó ń ṣí bí ìda. Mo wá yọ páìpù idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó kọrí sínú ihò ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, bọ́ọ̀lù irin kékeré kan bá yí jáde lẹ́yìn ẹ̀, kò ju orí ìṣó kékeré lọ, ọpẹ́lọpẹ́ pé aṣọ funfun ni mo tẹ́ sábẹ́. Mi ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ìbéèrè mi pọ̀ ẹ jọ̀ọ́. Bọ́ọ̀lù yẹn ńkọ́, ibo ló ń gbé? Ṣé mo lè ri gbogbo kábúrétọ̀ sínú fínígà mọ́jú kí oje yẹn lè ṣí? Ṣé mo lè fi wáyà tinrín gún ihò jẹ́ẹ̀tì, àwọn idẹ kéékèèké oníhò tí epo ń gbà kọjá yẹn? Gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí mẹ́ta ló wà nínú kíìtì tí mo rà, wọn ò jọra, èwo ni kí n lò? Irin tó gba ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀ kọjá, èyí tí àsílẹ́rétọ̀ ń fà, tí mo bá dì í mú ó ń jì sọ́tùn-ún sósì, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Àgbà_Sípánà

Àbúrò, o kú ará fẹ́ra kù bàbá o. Kó o tó fọwọ́ kan nǹkan mìíì, kó bọ́ọ̀lù yẹn sínú ike kékeré tó ní ìdérí, torí tó bá sọnù, kíìtì míì ò ní i nínú.

Iṣẹ́ ẹ̀ nìyí. Wo ẹ̀gbẹ́ kábúrétọ̀ yẹn, wà á rí pọ́ǹpù kékeré kan tí sukúrúù mẹ́rin dì mú, awọ rọ́bà wà nínú ẹ̀. Tó o bá tẹ àsílẹ́rétọ̀, afẹ́fẹ́ máa ń yára wọlé ju epo lọ torí epo wúwo, tí wọn ò bá wá nǹkan fi ràn án lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ lásán ló máa kọ́kọ́ dé inú ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á dákú. Pọ́ǹpù yẹn ló ń tu epo díẹ̀ sí i lójú ẹsẹ̀, páìpù idẹ tó o yọ yẹn lẹnu ẹ̀, bọ́ọ̀lù yẹn sì ni ilẹ̀kùn tí ò jẹ́ kí epo tó ti gòkè padà sẹ́yìn. Tí oje bá lẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ tàbí tí awọ rọ́bà bá ti gan tó ti sán, ohun tó o ń rí nígbà tó o bá tẹ̀ ẹ́ lójijì yẹn lo máa rí. Nítorí náà dá bọ́ọ̀lù padà sínú ihò tí páìpù yẹn ti jáde, lẹ́yìn tó o bá ti fọ ihò náà, kó o wá fi páìpù tẹ̀ lé e. Tó o bá tò ó tán, kó o tó gbé e padà sórí ẹ́ńjìnnì, bu epo sínú abọ́, fọwọ́ ti apá pọ́ǹpù, kó o máa wo ẹnu páìpù. Epo gbọ́dọ̀ ta jáde lójú ẹsẹ̀, tààrà, tinrín bí omi tó ti ẹnu abẹ́rẹ́ dọ́kítà jáde, kó sì wọ àlàfo tó wà láàárín ewé throttle (irin pẹlẹbẹ tó ń ṣí tó sì ń padé nínú ihò ńlá bí o bá ṣe ń tẹ àsílẹ́rétọ̀) àti ògiri. Tó bá ń kán tó-tó, tàbí tó ń ta sára ògiri, kò tíì dáa.

Fínígà, rárá o! Jọ̀ọ́ má ṣe é. Ara ọ̀pọ̀ kábúrétọ̀ àtijọ́ kì í ṣe irin, mẹ́táàlì fífúyẹ́ tí wọ́n yọ́ dà ni, zinc ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, áàsìdì sì máa ń jẹ zinc. Wà á gbé e jáde láàárọ̀, ojú ẹ̀ á ti dúdú, á rí gbágungbàgun, ibi tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ kí gásíkẹ́ẹ̀tì fi lè bá a mu ò ní tẹ́ mọ́. Ra kábù kílínà alágolo, èyí tó ń fín, wọ awò ojú kó o tó bẹ̀rẹ̀ torí á gba ihò kan wọlé á sì gba òmíràn ta sí ẹ lójú, ó ti ṣe mí, ojú mi pọ́n fún ọjọ́ méjì. Fín in, jẹ́ kó rin oje yẹn, fi búrọ́ọ̀ṣì eyín họ ọ́, tún fín in, kó o wá fi atẹ́gùn fẹ́ gbogbo ihò ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Kó tó di pé o fẹ́ atẹ́gùn sí i, yọ gbogbo rọ́bà kúrò, yọ fúlóòtì (èyí tó ń léfòó nínú abọ́ epo), yọ abẹ́rẹ́ tó ń dí ẹnu ọ̀nà epo, yọ fáàfù oníná tó ní wáyà.

Wáyà náà, má fi gún jẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà tó wà lára jẹ́ẹ̀tì Solex, bí ihò ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ló ń sọ, 130 ni 1.30 mìlímítà, 55 ni 0.55 mìlímítà. Idẹ ni, idẹ ò le. Wáyà irin kan tó o bá fi họ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, jẹ́ẹ̀tì 130 rẹ kì í ṣe 130 mọ́, kò sì sí ojú tó máa rí i, mọ́tò á kàn máa jẹ epo ṣá. Okùn ìpẹja, èyí tó jẹ́ ọ̀rá yẹn, òun ni kó o fi gún un. Lẹ́yìn náà gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kó o wò ó, ihò ẹ̀ gbọ́dọ̀ yí róbótó láìsí irun kankan létí ẹ̀. Àwọn jẹ́ẹ̀tì ò sí lójú kan náà o, èyí tó tóbi jù wà lẹ́yìn bóòtù kan lára abọ́ epo, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yọ bóòtù yẹn rárá, wọ́n á ní àwọn ti fọ kábúrétọ̀.

Gásíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta yẹn, kíìtì kan náà ni wọ́n fi ń bo oríṣi kábúrétọ̀ bíi mélòó kan, ìdí tí wọ́n fi pọ̀ nìyẹn. Gbé ìkọ̀ọ̀kan lé orí abọ́ ẹ, èyí tí gbogbo ihò ẹ̀ bá ihò mu láìdí ọ̀kankan ni tìẹ. Má fi sílíkọ́ọ̀nù kankan kún un. Epo máa ń yọ́ ọ, á ré wẹ́wẹ́, á sì wọ inú jẹ́ẹ̀tì tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Òórùn àárọ̀ yẹn ló dẹ́rù bà mí jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ. Táǹkì Ìjàpá wà níwájú, epo lè máa rọra ṣàn wá sẹ́yìn fúnra ẹ̀ nígbà tó o ti pa ẹ́ńjìnnì. Abẹ́rẹ́ abẹ́ ìdérí yẹn nìkan ló ń dá a dúró. Tí abẹ́rẹ́ ò bá dí mọ́, abọ́ á kún, epo á gba ihò ńlá ṣàn wọ inú ẹ́ńjìnnì, á bá ọ́ìlì dàpọ̀. Fa ìwọ̀n ọ́ìlì ẹ yọ lónìí, gbóòórùn ẹ̀. Tó bá ń rùn bí pẹtiróòlù, tàbí tí ọ́ìlì ga ju bó o ṣe dà á lọ, má sítáàtì ẹ̀ rárá, da ọ́ìlì yẹn nù. Ọ́ìlì tó ti fẹ́lẹ́ ò lè gba bẹ́ríìnì kankan là.

Ohun kan ṣoṣo tí mo máa fi kún un: àlàfo fáàfù, kọ́ńtáàtì (èyí tó ń ṣí tó ń padé nínú dísíríbútọ̀) àti táímìnì (ìgbà tí iná ń ta) ló máa ń ṣáájú, kábúrétọ̀ ló kẹ́yìn. Fáàfù 0.15 mìlímítà nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù rinrin, kọ́ńtáàtì 0.4. Sílò tí ò dúró sójú kan lè wá láti ọ̀dọ̀ èyíkéyìí nínú wọn, o sì lè fi oṣù kan máa yí sukúrúù kábúrétọ̀ lásán.

Afẹ́fẹ́_Lásán

Ẹ̀gbọ́n ẹ má bínú, àmọ́ kí ló dé tí ò kàn ra kábúrétọ̀ tuntun? Wọ́n wà nílẹ̀, odindi ẹ̀, wà á gbé e sí i wà á lọ.

Àgbà_Sípánà

Mi ò bínú. Mo ti gbé tuntun sórí mọ́tò mẹ́rin, méjì dáa, méjì ni mo tú wò kí n tó gbé e sí i, mo bá erùpẹ̀ irin nínú ẹ̀ látibi tí wọ́n ti ṣe é. Èyí tó bá mọ́tò wá láti ilé iṣẹ́, wọ́n wọn jẹ́ẹ̀tì ẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an ni. Tí ara ẹ̀ ò bá ti sán, èmi máa tún un ṣe.

Ìyá_Mọ́tò_Àtijọ́

Àbúrò mi, kó o tó jọ gbogbo nǹkan yẹn padà, jọ̀ọ́ ka èyí kó o kà á dáadáa.

Wo páìpù idẹ tí họ́ọ̀sì epo ń wọ̀ lórí ìdérí kábúrétọ̀ ẹ. Dì í mú kó o yí i díẹ̀. Ṣé ó ń yí? Ṣé ó ń jì? Kò sí okùn sukúrúù kankan lára ẹ̀, wọ́n kàn tì í wọnú mẹ́táàlì yẹn tipátipá ni nígbà tí wọ́n ṣe é, àádọ́ta ọdún ooru àti ìgbọ̀nrìrì sì ti kọjá lórí ẹ̀. Tèmi jáde pẹ̀lú họ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń tú u. Mo bi mẹkáníìkì kan, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi òòlù kékeré gbá a wọlé padà, ó ní kò sí nǹkan kan. Mo gbà á gbọ́.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, mo wà lójú ọ̀nà, mo gbọ́ òórùn epo, mo rò pé mọ́tò iwájú ni. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀. Mo wo jígí ẹ̀yìn, èéfín funfun ni mo kọ́kọ́ rí, kó tó di pé mo dúró ó ti di dúdú. Páìpù yẹn ti fò jáde pẹ̀lú họ́ọ̀sì, pọ́ǹpù sì ń tu epo lọ sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná bó ṣe ń yí. Dísíríbútọ̀ tó ń tànná wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Mo pa á, mo fa panápaná tó wà lábẹ́ àga mi yọ, mi ò ṣí ìdérí ẹ̀yìn tán, mo kàn gbé e sókè díẹ̀ mo sì fi ẹnu panápaná sí àlàfo yẹn, torí tó o bá ṣí i gbayawu afẹ́fẹ́ á kún iná yẹn lọ́wọ́. Ó kú. Wáyà jóná, rọ́bà etí ìdérí jóná, ọ̀dà ẹ̀yìn wú bọ́lọ́bọ́lọ́. Èmi àti ọmọ mi ló wà nínú ẹ̀. Títí di òní tí mo bá gbọ́ òórùn epo, ọkàn mi á já.

Nítorí náà fa páìpù yẹn jáde tó bá ń jì. Ẹni tó ní irinṣẹ́ tó ń gé okùn sukúrúù á gé e sínú ihò yẹn, á wá fi páìpù mìíì tó ní okùn sukúrúù dì í pinpin. Ohun tí mo ṣe sí tèmi nìyẹn lẹ́yìn iná. Ẹni tí ò bá ní, kó fi ẹnu sípánà họ ara páìpù yẹn kó di ṣákaṣàka kó tó tì í padà tipátipá, kó sì fi wáyà so ó mọ́ ìdérí kó má lè fò jáde. Òòlù nìkan ò tó o!

Họ́ọ̀sì náà, tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi òwú hun ara ẹ̀, ojú òwú lo máa rí, o ò ní rí i pé rọ́bà inú ẹ̀ ti sán. Epo tí wọ́n ń pò mọ́ ethanol láyé ìsinsìnyí máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Kó gbogbo ẹ̀ dànù, ra èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé epo oní-ethanol ò lè ṣe é ní nǹkan kan, kó o sì fi kílíìpù sí orí ìkọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ pé fítà epo ẹ wà nínú ibi ẹ́ńjìnnì, gbé e kúrò níbẹ̀. Gbé e sábẹ́ ibi táǹkì.

Ọlọ́wọ́_Jẹ́jẹ́

Ìyá, ẹ kú ewu o, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ yí páìpù tèmi wò báyìí, ó dúró, àmọ́ mo máa so ó.

Ọmọ_Oníjàpá, èmi fẹ́ dá ẹ lóhùn lórí irin tó ń jì yẹn, torí kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni kíìtì ò lè wò sàn. Irin yẹn ló gbé ewé throttle. Irin líle ni, ihò tó ń yí nínú ẹ̀ sì jẹ́ mẹ́táàlì rírọ̀, ihò ló ń jẹ, sípíríǹgì tó ń fa àsílẹ́rétọ̀ padà sì ń fà á sí apá kan ṣoṣo látìgbà tí wọ́n ti ṣe mọ́tò, ìdí tí ihò yẹn fi máa ń di bí ẹyin dípò kó yí róbótó nìyẹn. Afẹ́fẹ́ á wá máa gba ibẹ̀ wọlé láìgba ọ̀dọ̀ jẹ́ẹ̀tì. Epo tí jẹ́ẹ̀tì ń tú jáde ní sílò kò tó nǹkan, afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó bá ti yọ́ wọlé ti bà á jẹ́, sílò á máa lọ sókè sódò. Èèyàn á pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, á pààrọ̀ awọ, á pààrọ̀ abẹ́rẹ́, á tò ó dáadáa, sílò ò ní dúró.

Ó máa ń jì díẹ̀ díẹ̀ kódà nígbà tó dáa, àmọ́ tó o bá ń fojú rí i pé ó ń rìn, ó ti pọ̀ jù. Bí mo ṣe máa ń dán an wò kí n tó tú u: ẹ́ńjìnnì á wà ní sílò, màá fi kábù kílínà kán díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ irin yẹn, díẹ̀ gan-an o, pẹ̀lú panápaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà ọ̀nà afẹ́fẹ́ nìyẹn. Kó o má ṣe é tó bá gbóná gan-an, kó o má sì fín in gbuuru, ẹ sá ti gbọ́ ohun tí Ìyá wí.

Atúnṣe ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ilé tó ò bá ní irinṣẹ́. Wọ́n á lu ihò yẹn fẹ̀ síi, wọ́n á fi búùṣì idẹ (òrùka idẹ tí irin yẹn á máa yí nínú ẹ̀) sí ọ̀tún àti òsì, wọ́n á wá rọra fẹ ihò búùṣì títí irin yẹn á fi wọ̀ ọ́ láìjì. Ihò méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà, tí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí ewé throttle á máa há, mọ́tò tí throttle ẹ̀ há kì í ṣe nǹkan eré. Gbé e lọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tọ́nà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin. Kí wọ́n tó yọ ewé yẹn, fi ìṣó fa ìlà sára ẹ̀ kó o mọ apá tó kọ sókè, torí etí ẹ̀ ò gún régé, wọ́n gé e ní dídà ni kó lè bá ògiri mu nígbà tó bá padé. Sukúrúù kéékèèké tó dì í mú, wọ́n sábà máa ń fi òòlù tẹ ẹnu wọn kó má lè yọ, kó o ra tuntun, kó o sì tẹ ẹnu ti tuntun náà, torí tí ọ̀kan bá tú, inú ẹ́ńjìnnì ló ń lọ.

Nígbà tó o bá ń dì í padà mọ́ mánífóòdù (páìpù tó ń gbé epo àti afẹ́fẹ́ lọ sínú ẹ́ńjìnnì), má fún nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ yẹn kọjá bó ṣe yẹ. Etí kábúrétọ̀ máa ń tẹ̀. Tó bá ti tẹ̀, gbé sáńpépà múlọ́múlọ́ lé orí dígí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, bu omi sí i, kó o máa fi kábúrétọ̀ họ ọ́ lọ bíi nọ́ńbà 8, ojú ẹ̀ á tẹ́.

Ẹ́ńjìnnì 1600 ti 1972 ní ibi mìíì tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé: rọ́bà méjì tó so mánífóòdù àárín mọ́ ti ẹ̀gbẹ́. Tẹ̀ wọ́n wò. Tó bá ti sán lábẹ́, o ò ní rí i láti òkè.

Ọmọ_Oníjàpá

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá kí n tó padà wá torí mo ṣe é díẹ̀díẹ̀.

Ọ́ìlì ń rùn bí epo lóòótọ́, mo da gbogbo ẹ̀ nù. Mo fi ẹnu fa abẹ́rẹ́ yẹn wò, kò dí rárá, atẹ́gùn ń gbà á kọjá. Fúlóòtì, mo gbọn ọ́n létí mi mi ò gbọ́ nǹkan, mo tún tì í sínú omi gbígbóná kò yọ ìfófòó, ó dáa nìyẹn. Páìpù idẹ ti Ìyá sọ yẹn, mo kàn yí i bí ẹni yí ìdérí ìgò, ó jáde, mi ò lo agbára kankan. Mo jókòó sílẹ̀. Mo ti wa mọ́tò yẹn yí àdúgbò lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi nínú ẹ̀. Wọ́n ti gé okùn sukúrúù sí i báyìí, irin throttle náà ti wọ búùṣì, kò jì mọ́, ó ń yí bí òróró. Rọ́bà mánífóòdù ọwọ́ òsì ti sán lábẹ́ bí Ọlọ́wọ́_Jẹ́jẹ́ ṣe sọ, mo fi tuntun rọ́pò méjèèjì. Fáàfù àti kọ́ńtáàtì, mo ti ṣe é, fáàfù kẹta ti há, kò sí àlàfo kankan níbẹ̀.

Ohun tó kù ni sukúrúù. Mo rí mẹ́ta. Ọ̀kan ńlá àti ọ̀kan kékeré lára kábúrétọ̀ fúnra ẹ̀, ẹ̀kẹta lórí apá tí àsílẹ́rétọ̀ ń fà, ó kọjú sí irin alátẹ̀gùn kan. Ti orí apá yẹn, wọ́n ti dì í wọlé gan-an, mo ka bí ìyípo mẹ́ta. Èwo ni ti sílò?

Àgbà_Sípánà

Háà. O ti rí i! Ẹni tó ṣe mọ́tò yẹn gbẹ̀yìn fi sukúrúù orí apá gbé sílò sókè, ohun tó sì bà á jẹ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ kábúrétọ̀ tó ṣáájú èyí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe sílò, ìdí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fi ń ṣì í nìyẹn. 34 PICT-3 yàtọ̀. Ewé throttle ẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ padé tán ní sílò, afẹ́fẹ́ sílò ń gba ọ̀nà kọ̀rọ̀ kan tó yí ewé yẹn ká, sukúrúù ńlá ló sì ń ṣí ọ̀nà yẹn tàbí tó ń dín in kù. Àwọn ihò tín-tìn-tín kan wà lára ògiri, lójú ibi tí etí ewé máa ń dé, tó bá padé wọ́n wà ní ìpamọ́, tó o bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àsílẹ́rétọ̀ ni ewé á ṣí wọn, tí epo inú wọn á fi gbé ẹ́ńjìnnì títí jẹ́ẹ̀tì ńlá á fi gba iṣẹ́. Tí sukúrúù orí apá bá ti wọlé ìyípo mẹ́ta, ewé ti ṣí ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn ihò yẹn ti ń tu epo jáde ní sílò. Nígbà tó o bá wá nílò wọn, wọn ò ní nǹkan kan mọ́ láti fi ràn ẹ́ lọ́wọ́. Ìdákú tó ò ń sọ látọjọ́ kìíní yẹn, mo rò pé ìdajì ẹ̀ wá láti ibí, ìdajì láti ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀lù.

Bó o ṣe máa ṣe é. Rí i pé ṣóòkù (ewé òkè tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù) ṣí pátápátá, kí sukúrúù orí apá kọjú sí àtẹ̀gùn tó kéré jù. Tú u títí kò fi ní kan àtẹ̀gùn yẹn mọ́. Dì í padà jẹ́jẹ́ títí tó máa kàn fọwọ́ kàn án, kó o wá fi ìdá mẹ́rin ìyípo kún un, ó parí, má tún padà síbẹ̀. Sukúrúù kékeré, dì í wọlé títí á fi jókòó, pẹ̀lú ìka méjì ni o, tó o bá fi agbára dì í ẹnu ẹ̀ á fọ́, tú u jáde ní ìyípo méjì àtààbọ̀. Sítáàtì ẹ̀, jẹ́ kó gbóná dáadáa. Fi sukúrúù ńlá gbé sílò sí bí ìyípo 850 ní ìṣẹ́jú kan. Padà sí kékeré, rọra yí i títí ẹ́ńjìnnì á fi yára jù, kó o wá dì í wọlé títí á fi já wálẹ̀ ní 20 sí 30. Fi ńlá dá a padà sí 850, tàbí 900, kò burú.

Tó bá ń kú lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, wo wáyà fáàfù oníná. Tan kọ́kọ́rọ́ láìsítáàtì, yọ wáyà yẹn kó o tún fi kàn án, wà á gbọ́ ‘kẹ́’. Tí ò bá dún, kò sí epo sílò.

Gbàrà tó bá ti jí, fọwọ́ sún mọ́ páìpù kékeré tó sáré lábẹ́ mánífóòdù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó gbọ́dọ̀ gbóná débi tó ò ní lè dì í mú. Èéfín gbígbóná ló ń gba inú ẹ̀ kọjá kí mánífóòdù má bàa tutù, tí èédú bá ti dí i, epo ò ní lè di afẹ́fẹ́, á máa kán wọlé ní omi.

Ọmọ_Oníjàpá

Mo ṣe é láàárọ̀ yìí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kan, kò jí, mo gbá a lẹ́ẹ̀kejì ó jí. Mo jẹ́ kó gbóná. Mo yí kékeré jáde díẹ̀, ohùn ẹ̀ gòkè, mo dì í wọlé, ó wálẹ̀ díẹ̀, ó wá dúró. Ó dúró ṣinṣin ẹ̀yin ará, mo wo abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tó ń ka ìyípo, 860, kò mì. Mo tẹ̀ ẹ́ lójijì, ó gbéra lójú ẹsẹ̀, kò dákú rárá. Mo pa á nígbà tó gbóná jù, mo dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo gbá a, ó jí. Màmá mi jáde láti inú ilé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, ‘Bó ṣe máa ń dún nìyẹn tó bá fẹ́ jáde láàárọ̀.’

Páìpù ìsàlẹ̀ mánífóòdù, ẹ̀gbẹ́ kan gbóná, ẹ̀gbẹ́ kejì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Mo rò pé èédú ti wà nínú ẹ̀. Mo máa tú mánífóòdù ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni tó bá ti fọ ti ẹ̀ rí kó jọ̀ọ́ sọ fún mi bó ṣe ṣe é. Títí dìgbà yẹn mi ò ní wà á lọ ibì kankan, họ́ọ̀sì tuntun ò tíì dé.